Ìgbẹ̀yìn Fíìmù *Mr. Vampire* (1985) àti Orúkọ tí ó Yẹ Òkú Inú Rẹ̀

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìgbẹ̀yìn ni alayò ń ta. Bí ọ̀rọ̀ ìtàn àròsọ ti rí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ti eré orí ìtàgé àti ti sinimá. Ibi tí ìtàn parí sí ni a ti í mọ̀ bóyá ẹni tí ó hun ún mọ ohun tí ó ń hun. Síbẹ̀, ìgbẹ̀yìn gan-an ni apá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àlàyé ṣe lé lórí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a kọ ọ́ pé "ìtàn náà parí dáadáa" tàbí pé "kò parí dáadáa", wọn a sì gbé gègé wọn sílẹ̀.

Àṣìṣe kan tí èmi fúnra mi ṣe ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ àròkọ lórí fíìmù kan tí wọ́n ti wò rí, kí wọ́n sì ṣàlàyé ìgbẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọkùnrin kan kọ tirẹ̀ lórí *Mr. Vampire*, fíìmù tí wọ́n ṣe ní Hong Kong ní ọdún 1985. "Òkú gígan" ni ó pe òkú tí ń fò kiri nínú fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin àròkọ rẹ̀. Mo fi gègé pupa fa igi lé ọ̀rọ̀ náà lórí ní gbogbo ibi tí ó ti hàn, mo kọ "àkúdàáyà" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì yọ máàkì lórí ìlò èdè. Ọmọ náà tún kọ ọ́ pé iná tí ó parí fíìmù náà jẹ́ ìsìnkú tí ó pẹ́ kí ó tó wáyé. Mo kọ síbẹ̀ pé: "Kò yé mi."

Nígbà tí mo wá wo fíìmù náà tán ni mo tó rí i pé ohun tí ọmọ náà ń sọ yé e yékéyéké. Èmi tí mo ń yẹ ìwé rẹ̀ wò ni kò yé. Ọmọ náà sì ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ wa kí n tó mọ̀.

Nítorí náà, ohun méjì ni a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí. Èkíní ni láti wádìí orúkọ tí ó yẹ kí a máa pe irú òkú bẹ́ẹ̀ ní èdè Yorùbá. Èkejì ni láti fi hàn pé ìgbẹ̀yìn fíìmù náà kò já lójijì bí ọ̀pọ̀ òǹwòran ti rò, pé a ti sọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. A ó rí i pé ọ̀nà kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì: ẹni tí ó bá ṣi òkú náà lórúkọ yóò ṣi ìgbẹ̀yìn rẹ̀ túmọ̀.

Orúkọ òkú náà

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí òkú yìí ti wá ni ilẹ̀ Ṣáínà, *jiāngshī* sì ni orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n pa pọ̀ di ẹyọ kan. *Jiāng* ni kí nǹkan gan, kí ó le láìṣeé ká. *Shī* sì ni òkú. Bí a bá wo orúkọ tí àwọn tí ó ṣe fíìmù náà fún un ní èdè tiwọn, *Jiāngshī xiānshēng*, a ó rí i pé "Ọ̀gbẹ́ni Òkú-gígan" ni ìtumọ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ nìyẹn, tí mo fagi lé.

*Mr. Vampire* tí a mọ̀ jẹ́ orúkọ tí wọ́n fún un ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kí ó lè tà láàrin àwọn tí kò gbọ́ èdè Ṣáínà. Ẹ̀dá tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní *vampire* yàtọ̀. Dracula tí Bram Stoker kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 1897 ń sọ̀rọ̀, ó ń gbàlejò, ó ń ra ilé, ó sì ń pète. Bí a bá jókòó ti èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan, "amùjẹ̀" ni a ó túmọ̀ rẹ̀ sí, a ó sì ti ṣìnà. Lóòótọ́, ọwọ́ fíìmù Yúróòpù hàn nínú bí òkú náà ti ń fi eyín bu èèyàn jẹ, tí ẹni tí ó bá sì bù jẹ náà ń fẹ́ di irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti gan, orúnkún rẹ̀ kò ṣeé ká, apá rẹ̀ méjèèjì nà síwájú, ẹsẹ̀ méjèèjì ni ó sì fi ń fò lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í dá èèyàn mọ̀ nípa wíwò. Èémí ni ó ń tọpa. Ìdí nìyí tí àwọn ẹ̀dá ìtàn inú fíìmù náà fi ń sé èémí wọn bí ó bá dé tòsí.

Wọ́n tún ń sọ ìtàn àṣà kan ní agbègbè Xiangxi ní ìpínlẹ̀ Hunan, tí ó tan ìmọ́lẹ̀ sí fífò yìí. Bí ẹnì kan bá kú sí ìdálẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ a fẹ́ kí wọ́n gbé e padà wá sin sí ilé baba rẹ̀. Wọ́n ní àwọn awakọ̀-òkú kan wà tí wọ́n mọ bí a ti í fi agogo da òkú bí ẹni da ẹran, tí àwọn òkú náà yóò máa tò tẹ̀lé wọn ní òru. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe lórí rẹ̀ ni pé ọkùnrin méjì ni ó ń ru àwọn òkú náà lórí igi ọparun gígùn, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Bí ọparun náà bá sì ti ń mì, ẹni tí ó ń wò láti òkèèrè nínú òkùnkùn yóò rò pé òkú ni ó ń fò. Òkú tí kò tíì dé ibùsùn rẹ̀ ni *jiāngshī* láti ìpìlẹ̀.

Kí ni ti àkúdàáyà? Gbogbo wa mọ ohun tí àwọn baba wa ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé ni ó kú, tí ó wá lọ tẹ̀dó sí ìlú mìíràn. Ó ń tajà, ó ń gbéyàwó, ó ń bímọ, aládùúgbò kò sì mọ̀ pé òkú ni, àfi ọjọ́ tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n rí bá yọ sí i, tí ó sì di àwátì. Ohun tí ó mú un jẹ́ àkúdàáyà ni pé kò sí ohun tí a fi lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí alààyè. Ohun tí ó mú *jiāngshī* jẹ́ *jiāngshī* ni pé kò sí ẹni tí yóò rí i tí kò ní mọ̀ pé òkú ni. Àkúdàáyà ní orúkọ, ó ní ìrántí, ó sì ní ohùn. Òkú gígan kò ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ohùn gẹ́gẹ́ bí ààlà

Ọ̀rọ̀ ohùn yìí kì í ṣe èrò tèmi nìkan. Yuan Mei, akéwì ilẹ̀ Ṣáínà tí ó gbé ayé láàrin ọdún 1716 àti 1797, kó ọ̀pọ̀ ìtàn abàmì jọ sínú ìwé kan tí ó pè ní *Zi bu yu*, ìyẹn ni "Ohun tí Olùkọ́ kò sọ". Kòńfúṣíọ́sì ni olùkọ́ tí ó ní lọ́kàn, nítorí wọ́n ní ẹni náà kì í sọ̀rọ̀ nípa abàmì. Nínú ìwé náà, ìtàn kan wà nípa ọ̀rẹ́ méjì ní Nanchang. Ẹ̀gbọ́n kú. Ní òru, ó wọlé tọ àbúrò wá, ó jókòó tì í lórí ibùsùn, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀: kí ó bá òun tọ́jú ìyá òun àti ìyàwó òun, kí ó tẹ ìwé tí òun kọ jáde, kí ó sì bá òun san gbèsè. Àbúrò gbà, ẹ̀rù kò bà á mọ́, wọ́n jọ ń tàkúrọ̀sọ bíi ti àtijọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán, ẹ̀gbọ́n dìde ó ní òun ń lọ, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó dúró gbagidi, ojú rẹ̀ kò ṣẹ́, ìrísí rẹ̀ sì ń burú sí i díẹ̀díẹ̀. Bí àbúrò ti sá jáde ni òkú gbá tẹ̀lé e.

Àlàyé tí Yuan Mei ṣe níbẹ̀ ni pé oríṣi ẹ̀mí méjì ni ó wà nínú èèyàn gẹ́gẹ́ bí ìgbàgbọ́ àwọn ará Ṣáínà: *hún* tí ó jẹ́ ti òye, àti *pò* tí ó jẹ́ ti ara. *Hún* ni ó wá jíṣẹ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó jíṣẹ́ tán tí ó lọ, *pò* nìkan ni ó ṣẹ́ kù nínú òkú náà. Ẹ kíyè sí ibi tí ìtàn náà ti yí padà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ń bẹ lẹ́nu òkú, ọ̀rẹ́ ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀, ó di *jiāngshī*. Kò sí bí a ṣe lè pe èyí ní àkúdàáyà.

Ìtàn inú fíìmù náà ní ṣókí

Ricky Lau ni ó darí *Mr. Vampire*, Sammo Hung sì ni olóòtú rẹ̀. Ibùdó ìtàn rẹ̀ ni ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Ṣáínà lẹ́yìn tí ìjọba àwọn ọba Qing ti dópin ní ọdún 1912. Àwọn ọlọ́pàá ti ń wọ aṣọ òyìnbó, wọ́n sì ń mu kọfí ní ilé oúnjẹ. Lam Ching-ying ni ó ṣe Ọ̀gá Kau, àwòrò ẹ̀sìn Táò tí ń tọ́jú òkú. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni Chau-sang àti Man-choi, tí Chin Siu-ho àti Ricky Hui ṣe.

Olówó ìlú kan tí ń jẹ́ Yam ní kí Ọ̀gá Kau bá òun hú òkú baba òun, kí ó tún un sin, nítorí nǹkan kò dára fún ìdílé náà mọ́. Ẹni tí ó yan ilẹ̀ ìsìnkú náà ní ogún ọdún sẹ́yìn ni ó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ọ̀gá Kau dé ibẹ̀, ó rí i pé ìsìnkú náà kò bá ìlànà mu, nítorí sìmẹ́ńtì ni wọ́n dà bo ilẹ̀ náà. Ó bi Yam bóyá aáwọ̀ wà láàrin baba rẹ̀ àti ẹni náà. Ọ̀rọ̀ wá yọ: baba Yam ni ó fi agbára gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ onímọ̀ ilẹ̀ ọ̀hún nígbà ayé rẹ̀. Onímọ̀ náà fi ìsìnkú gbẹ̀san lára òkú àti ìdílé rẹ̀.

Wọ́n ṣí pósí, òkú kò jẹrà. Ọ̀gá Kau gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n sun ún níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Yam kọ̀. Ó ní nígbà tí baba òun wà láyé, iná ni ohun tí ó ń bà á lẹ́rù jù. Wọ́n bá gbé òkú náà lọ sí ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Kau. Ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi okùn tí káfíńtà fi ń fa ìlà, tí wọ́n rì sínú yíǹkì tí a ti pò fún iṣẹ́ náà, fa ìlà yí gbogbo pósí ká. Wọ́n fà á sí orí àti ẹ̀gbẹ́, wọ́n gbàgbé abẹ́. Abẹ́ náà ni òkú gbà jáde. Ẹni tí ó kọ́kọ́ tọ̀ lọ ni Yam ọmọ rẹ̀, ó sì pa á.

Láti ibẹ̀ ni ìtàn ti ń gbòòrò. Wọ́n ti Ọ̀gá Kau mọ́lé lórí ikú Yam, òkú Yam fúnra rẹ̀ sì dìde. Òkú baba ṣe Man-choi léṣe, ó sì di dandan kí wọ́n fi ìrẹsì tí ó máa ń lẹ̀ mọ́wọ́ yọ oró òkú kúrò lára rẹ̀ kí ó má baà gan. Chau-sang tí wọ́n rán lọ ra ìrẹsì bọ́ sọ́wọ́ oníjìbìtì tí ó pò ó mọ́ ìrẹsì lásán, ó sì tún bọ́ sọ́wọ́ iwin obìnrin kan tí ń jẹ́ Jade, tí ó fẹ́ràn rẹ̀. Ní òpin, òkú baba Yam padà wá pẹ̀lú agbára tí ó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Gbogbo wọn para pọ̀ bá a jà, àwòrò kan tí ń da àwọn òkú rìnrìn àjò, tí a mọ̀ sí Olójú-Mẹ́rin nítorí ìgò ojú rẹ̀, náà dé láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Iná ni wọ́n fi pa òkú náà run níkẹyìn. Fíìmù náà kò sì pẹ́ mọ́ lẹ́yìn iná yìí tí ó fi parí: kò sí ìgbéyàwó, kò sí ọ̀rọ̀ ìdágbére, kò sí àlàyé.

Iná ìbẹ̀rẹ̀ àti iná ìgbẹ̀yìn

Òǹwòran tí kò bá rántí ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò sọ pé fíìmù náà já lójijì. Ìmọ̀ràn tí Ọ̀gá Kau mú wá ní ẹ̀bá kòtò ìsìnkú ni ó ṣẹ níkẹyìn. Iná kan náà ni, òkú kan náà ni. Ohun tí ó wà láàrin iná tí wọ́n kọ̀ àti iná tí wọ́n dá ni iye tí wọ́n san: Yam kú, òun náà di òkú gígan, Man-choi kò jìnnà sí ikú, Ting-ting ọmọbìnrin Yam sì di aláìníbaba. Bí a bá gbé ìgbẹ̀yìn náà kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, kò sí àlàyé tí ó kù tí ẹ̀dá ìtàn kan tún ní láti ṣe fún wa.

Ohun tí ó dùn mí jù nínú ìhun yìí ni pé Yam kò ṣe búburú nígbà tí ó kọ iná. Ìfẹ́ baba ni ó mú un kọ̀. Kò fẹ́ kí wọ́n fi ohun tí ó ń ba baba rẹ̀ lẹ́rù láyé ṣe é lẹ́yìn ikú. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí títọ́jú òbí láàyè àti lókùú ti jẹ́ òpó pàtàkì nínú ìwà ọmọlúwàbí, kò sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó rò pé baba òun ṣì wà nínú òkú tí òun ń wò. *Hún* baba rẹ̀ ti lọ láti ogún ọdún. Ohun tí ó ṣẹ́ kù kò mọ ọmọ mọ́, àfi bí ẹbí ti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí irú òkú bẹ́ẹ̀ ń wá lọ.

A lè wá rí ìdí tí orúkọ fi ṣe pàtàkì. Bí òkú náà bá jẹ́ àkúdàáyà, a jẹ́ pé baba Yam ni wọ́n dáná sun níkẹyìn, pẹ̀lú ìrántí àti ohùn rẹ̀. Ìgbẹ̀yìn náà yóò di ìwà ìkà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sì kọ ọ́ pé "kò parí dáadáa" yóò jàre. Bí ó bá jẹ́ amùjẹ̀, ọ̀tá ni wọ́n pa, ìyà ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òkú gígan, òkú tí wọn kò sin bí ó ti yẹ ni wọ́n wá tọ́jú bí ó ti yẹ. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mi pè ní ìsìnkú tí ó pẹ́ kí ó tó wáyé nìyẹn.

Iwin tí wọ́n jẹ́ kí ó lọ

Ẹ̀rí mìíràn tún wà nínú fíìmù náà fúnra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo abàmì ibẹ̀ ni Ọ̀gá Kau pa run. Jade, iwin obìnrin nì, ń sọ̀rọ̀, ó ń sunkún, ó sì mọ ẹni tí ó fẹ́ràn. Ó kù díẹ̀ kí ọ̀gá pa á run, ṣùgbọ́n Chau-sang bẹ̀bẹ̀ fún un, ọ̀gá sì jẹ́ kí ó lọ. Kò sí ẹnì kan tí ó bẹ̀bẹ̀ fún òkú baba Yam nínú ìjà ìkẹyìn, kò sì sí ẹni tí ó bá a sọ̀rọ̀. Yuen Wah tí ó ṣe òkú náà kò ní gbólóhùn kan láti sọ. Ẹni tí ó ní ohùn ni à ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ohun tí ó tilẹ̀ ń dá irú òkú bẹ́ẹ̀ dúró kí iná tó dé, ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ ni: ìwé aláwọ̀ òféèfèé ìyeyè, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ àṣẹ sí, tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí. Bí ìwé náà bá wà níbẹ̀, òkú dúró. Bí ó bá ṣí, òkú tún gbéra. Àwa tí a mọ ọfọ̀ ti mọ agbára ọ̀rọ̀ tí a fi ẹnu pè. Ti ilẹ̀ Ṣáínà yìí wà lórí ìwé, a sì lè fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé ohun tí ó jọra kò ní kí ó jẹ́ ọ̀kan náà. Ìwé lè dá òkú náà dúró, kò lè tẹ́ ẹ sùn. Ìdí nìyí tí fíìmù náà kò fi lè parí sí orí ìwé àṣẹ, tí ó fi ní láti dé orí iná.

Ohun tí ó kan olùyẹ̀wé ìdánwò

Láti ẹ̀wádún 1970 ni fíìmù Hong Kong ti ń wọ ilé sinimá ní orílẹ̀-èdè wa, lẹ́yìn náà ni ó wọ inú ilé pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Àwọn ọmọ wa yóò máa kọ nípa wọn. Ìmọ̀ràn mẹ́ta ni mo ní fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi.

Àkọ́kọ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ohun tí kò sí nínú àṣà wa, ẹ jẹ́ kí a wádìí ohun tí orúkọ nǹkan náà túmọ̀ sí ní ilé rẹ̀ kí a tó fagi lé e. Ọ̀rọ̀ àtayébáyé tí ó ní ìtumọ̀ mìíràn kò sàn ju ọ̀rọ̀ tuntun tí ó bá ohun náà mu.

Èkejì, ẹ má ṣe jẹ́ kí a máa túmọ̀ láti inú ìtumọ̀. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà lára kásẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ ti ọjà lásán.

Ẹ̀kẹta, bí a bá ń yẹ àlàyé ìgbẹ̀yìn wò, ẹ jẹ́ kí a wá bóyá akẹ́kọ̀ọ́ tọ́ka sí ohun kan ní ìbẹ̀rẹ̀ tí ìgbẹ̀yìn náà dáhùn. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ pé "wọ́n sun òkú náà" ti ròyìn. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ pé "wọ́n sun òkú tí ọmọ rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n sun" ti ṣàlàyé, máàkì ẹni kejì sì gbọ́dọ̀ ju ti ẹni kìn-ín-ní lọ.

Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìgbẹ̀yìn *Mr. Vampire* ti wà nínú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àti pé "òkú gígan" ni orúkọ tí ó jẹ́ kí ìgbẹ̀yìn náà yé ni. A kò sọ pé kò sí orúkọ mìíràn tí ó lè dára jù ú lọ. Bí ẹnì kan bá ní i, kí ó mú un wá. Ní tèmi, ìwé àròkọ ọmọ náà kò sí lọ́wọ́ mi mọ́, n kò sì lè dá máàkì rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kí n tó fi gègé pupa kan ọ̀rọ̀ tí n kò rí rí nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́, mo máa ń kọ́kọ́ bi í pé: "Níbo lo ti rí i?"